Dókítà Tó Rí Ìdí Eyín Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kó bá ọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó bá bá ọ lẹ́nu ìrìn, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà lálàáfíà báyìí. Mo ní báyìí, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Eyín ló dé bá bàbá rẹ, ọ̀kan nínú àwọn ti ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń rún ẹran. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú títí ojú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ara wọn gbóná bí ìkòkò orí iná, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, bàbá rẹ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kan ìlẹ̀kùn, ẹnu wọn ń kan tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, wọ́n mi orí. Káfíńtà tí òòlù ti tẹ̀ níka láìmọye ìgbà, dókítà eyín ló ń bà á lẹ́rù! Ni mo bá gbé àpótí irinṣẹ́ wọn rù, mo ní mo ń lọ tà á. Wọ́n sáré tẹ̀lé mi. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo ti sọ̀ ọ́.

Ọmọdébìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, mo ní kó bá wa pe dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ó gbé ẹ̀rọ kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ, ó ya fọ́tò ìdí eyín. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ń rí inú èèyàn, mo yáa fi ìborùn bo àyà mi, torí ohun tí mò ń rò nípa bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí àlejò ń rí. Ó fi ibi dúdú kan hàn wá lábẹ́ gbòǹgbò eyín, ó ní ọyún ló kó síbẹ̀, pé bá a bá tún fi falẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn, á dí wọn léèémí. Bàbá rẹ yanu kíá.

Ó gún wọn lábẹ́rẹ́, ó fa eyín yọ, ọyún tú jáde, òórùn gba yàrá kan, ọmọ náà ò yínmú rárá. Ó ní bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ó ti tán. Bàbá rẹ ní kí ló tán? Eyín ti wà nínú abọ́! Lọ́nà ilé, wọ́n ń fọwọ́ kan ètè tí abẹ́rẹ́ ti mú kú ṣáá, wọ́n ní kí n wò ó bóyá dókítà ò gbàgbé láti dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà pè wá lórí fóònù, ó ní báwo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí. Mo gbé fóònù lé e kó lè rí i dáadáa. Ó ní hẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ pé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó ní kí wọ́n lo oògùn wọn tán bí ara bá tiẹ̀ yá. Ọmọ yẹn mọṣẹ́!

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, fún pákó ni. Bẹ́ǹṣì iwájú yàrá dókítà náà ń mì, bàbá rẹ ní àwọn máa kan tuntun fún un. Ọ̀rọ̀ pákó yìí ni wọ́n ń sọ láti òwúrọ̀, wọ́n ń tẹ̀lé mi láti ìdí ààrò dé ẹ̀yìnkùlé. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́.

Ẹnu tá a ó fi máa pè ọ́ kò ní wú, èyí tí wàá fi máa dáhùn kò ní dùn ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.