Òbúkọ Tí Bàbá Rẹ San Nítorí Ara Yíyún Mi

Ìgbàrà-Òkè

Lọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ ní Alágbàká, mo kí àga tí o ń jókòó lé ní ọ́fíìsì. Ìwọ kò ní rí àrùn, àwa náà kò sì ní rí i mọ́. Mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣẹ bàbá rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ní oṣù tó kọjá ni abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tí wọ́n da wèrèpè sí lára, nǹkan funfun sì ń jáde bí ògì tó dì. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ apakòkòrò fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó tún burú sí i. Mo ní kò sí àní-àní, bàbá rẹ ló kó o wá láti òde. Mo bá fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-osú, àwọn obìnrin tí wọ́n bí nínú ilé bàbá rẹ. Ìyá Adébùsóyè tó jẹ́ àgbà wọn dájọ́ pé kí bàbá rẹ san òbúkọ kan. Bàbá rẹ wò mí lójú, wọ́n san án lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí abà. A pa òbúkọ náà jẹ, èmi gan-an ni mo jẹ itan. Àṣé ara yíyún kò mọ̀ pé a ti dá ẹjọ́.

Ni mo bá gba ilé ìwòsàn lọ. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo kọ Ọlábísí, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀ ti bébà bọ ìtọ̀ mi, ó ní òun ń wá ṣúgà. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ògì kíkan ni mo mu, n kò fi ṣúgà sí i.

Ó ní nǹkan tíntín kan bí ìwúkàrà inú búrẹ́dì ń gbé ara ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ẹ́, àwọn kòkòrò rere ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Kapúsù tí mo rà lọ́wọ́ oníkiri fún eyín ti pa àwọn yẹn, ọṣẹ mi sì lé ìyókù. Ó ní omi lásán ni kí n máa fi fọ ìta, kí n fi inú sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe àmì àgbèrè rárá, ọmọge tí kò mọ ọkùnrin pàápàá ń ní in. Mo rántí itan òbúkọ tí mo jẹ.

Ó fún mi ní oògùn ìpara fún ìta, àti oògùn gígùn mẹ́fà tí wọ́n ń kì sí ojú ara. Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti fi omi gbé ọ̀kan mì, torí ẹnu ni mo mọ̀ tí oògùn ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fún mi ní òmíràn. Ara ti tù mí báyìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó.

Jọ̀wọ́, fi owó òbúkọ kan ránṣẹ́, kí n dá a padà fún bàbá rẹ, kí o sì bá mi ra pátá olówùú mẹ́ta ní Arakale, nọ́ọ̀sì ní ti ọ̀rá ń mú ooru.

Mo sáré lọ sí abà, mo kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ. Lọ́lá, wọ́n ní ara ti ń yún àwọn náà láti ìgbà tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rò pé èmi ni mo kó o wá láti òde. Wọ́n ní àwọn san òbúkọ kíá kí ìbéèrè lè tán kó tó kàn mí. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo pín oògùn ìpara fún wọn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùnní