Táǹkì Tó Gba Máàkì Jù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Bébà tún jáde bí ìgbì lónìí — ibì kan gbẹ táútáú, ibì kan rin. Kọ̀ǹpútà ló ń darí àwọn fáàfù tó ń ṣí omi àti ooru, tó sì ń sé wọn, nílé iṣẹ́ bébà yìí; wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ní mítà tó ń wò. Bí mítà bá yà kúrò níbi tí a ní kó dúró sí, fáàfù á dá a padà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fún kálukú ní máàkì, lórí bí mítà tirẹ̀ nìkan ṣe dúró sójú kan tó. Táǹkì omi tí wọ́n fi sábẹ́ mi ló ń gba ipò kìíní. Omi rẹ̀ kì í mì, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Bọ́ílà tó ń fún wa ní ooru tí a fi ń gbẹ bébà, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló kẹ́yìn: ooru rẹ̀ ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀. Ọ̀gá ní bí kò bá dáa kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn á gbé bọ́ílà fún ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́gun, 4
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnì kan ń ti ìgbọ̀nwọ́ mi. N ò kàn rí i ni."
Ta ni?

Ọjọ́rú, 5
Ooru mì, bébà tẹ̀lé e. Kí ló mì ṣáájú ooru?

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo bi Ẹnjiníà (ọ̀dọ́ ni, a jọ ń ṣàwàdà) — tí a bá dá àwọn fáàfù dúró sójú kan lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́, ká wo ẹni tí ara á tù? Ó ní bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ké nínú ilé ni: gbé ọ̀kan jáde, kí o gbọ́ ta ló dákẹ́. A bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn aláriwo, àwọn tí mítà wọn ń mì. Pàbó. Mi ò rántí Jẹ́jẹ́ rárá — ta ní ń fẹjọ́ ọmọ tó ń gba ipò kìíní sùn? Ẹnjiníà ló ní, "Ó ku tìẹ, àǹtí."
A dá a dúró. Kò pẹ́, gbogbo ìlà ojú kọ̀ǹpútà sinmi.
Áà! Kí omi tirẹ̀ má bàa mì, ṣe ló ń da omi tútù lu bọ́ílà lójijì, á tún sé omi mọ́ ọn lójijì. Ó ń gbá ilé tirẹ̀, ó ń kó pàǹtí sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Máàkì ò sì rí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò.

Ẹtì, 7
A ní kí Jẹ́jẹ́ máa yí fáàfù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí omi lè máa gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹnjiníà ní, "Kí ni táǹkì wà fún tẹ́lẹ̀?" Bébà jáde láìsí ìgbì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa bébà náà lára títí. Wọ́n wò mí: "Àṣé ìwọ lo ń tì mí!" Ẹ̀rín pa wá.

Ọjọ́ Ajé, 10
Máàkì jáde. Bọ́ílà ti gòkè. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Jẹ́jẹ́ ló kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀gá na ìka sí i, wọ́n bèèrè pé táǹkì ta nìyí. Ẹnjiníà fẹ́ la ẹnu. Mo ní, "Tèmi ni, mà." Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wá fọwọ́ pa bébà lára. Wọ́n ní ó di ọ̀la.
Mo padà síbi ìjókòó mi. Omi ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.