Ìyá Ọkọ Rẹ Ń Fi Ọgbọ́n Mi Ṣọ́wó Ná

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí èyí tó wà nínú rẹ náà, nítorí èèyàn ni, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó wú ti ń lọ sílẹ̀? Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá bí tìrẹ, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ẹ̀rín ayọ̀ ni wọn yóò bá nílé yín, àmín. Mo kí ìyá ọkọ rẹ náà. Mo ní mo kí i o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kí i.

Àwa náà wà dáadáa. Òrùlé tó ń jò nínú ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, omi tó bá sì kán sínú garawa náà la fi ń fọ abọ́, nítorí náà a ò tún un ṣe mọ́, èrè ló di fún wa. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Ìyá tó bí ewúrẹ́ náà dúró tì í gbagidi títí ó fi bímọ tán, ó ń fi imú kàn án, kò sì sí ẹnì kan tó sọ fún un pé kó lọ jókòó sílé rẹ̀. Mi ò fi sọ nǹkan kan o, ìròyìn ilé ni mo ń sọ.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, kí n má baà ra ìwé. Tí o bá rí i tí oṣù kan ń yọjú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, má wò ó, oṣù náà ti kọjá. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ló máa mú un wá, kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan mo mú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ lọ bá télọ̀, kó bá mi tú kọ́là rẹ̀ tó ti bó, kó yí i padà, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ síta, bí a ti máa ń ṣe é. Bí mo ṣe wọlé, mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan nínú fóònù télọ̀, gbogbo oníbàárà dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ìyá náà ní téèyàn bá fọ aṣọ tán, kó má da omi tó fi ṣan án nù, kó fi fọ ilẹ̀, kó sì da èyí tó bá kù sí ilé ìgbẹ́. Mo mi orí, mo ní obìnrin yìí gbọ́n, ilé rere ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ni télọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni, pé àna mi ni, ìyá ọkọ ọmọ mi, pé àràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù gbogbo ayé, Ìyá Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń pè é. Ibi tí mo ti ń wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́yìn ohùn ìyá náà. Ẹ̀rín rẹ ni, ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o ò tíì ní eyín lẹ́nu.

Háà! Owú ni o. Mo jowú, mo ti sọ ọ́, kí n má baà fi pa ara mi. Ta ló kọ́ ọ ní omi ìṣanṣọ? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo dúró tì ọ́ lẹ́yìnkùlé tí o ń sunkún pé garawa wúwo? Nígbà tó tún di ọjọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ tún gba ọ̀dọ̀ télọ̀ kọjá, bí ẹni pé mò ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́, ìyá ọkọ rẹ sì ti dórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ó ní kí ẹ má sọ ọṣẹ tó ti kéré nù, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lù, kí ẹ so ẹnu rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ta nìyẹn? Ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ ni! Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ike ọṣẹ ìfọyín láti ha ìdí rẹ̀, ọ̀bẹ inú ilé ìdáná mi ni! Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, díẹ̀ díẹ̀ ni obìnrin yẹn ṣe kó gbogbo ilé mi lọ sílé rẹ, kò ku nǹkan kan ju bàbá rẹ lọ.

Bàbá rẹ gan-an alára, ìyẹn náà ti ń lọ. Ó ti di ọ̀rẹ́ télọ̀ tipátipá. Tó bá ti dé, á ní Ìyá Ìmọ̀ràn ní kí a máa dé ìkòkò tí a bá ń se nǹkan kí iná má baà jẹ igi jù, Ìyá Ìmọ̀ràn ní kí a má máa tan iná níbi tí kò sí èèyàn. Lálẹ́ àná ó pa fìtílà mọ́ mi lójú níbi tí mo ti ń jẹun, mo bi í léèrè pé ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń sọ fún un pé kó dé ìkòkò. Kò dé e rí. Àfi ìgbà tí obìnrin míì sọ ọ́ nínú fóònù.

Kí o má baà rò pé ìyá ọkọ rẹ nìkan ló lọ́gbọ́n, èmi náà ti ronú lórí àwọn nǹkan ilé yín tó ń jẹ owó, gbọ́ tèmi. Ó ní kí ẹ má máa ṣí fíríìjì léraléra kí òtútù má baà jáde. Ẹnu lásán ni. Mo fi okùn kan sínú àpò tí awakọ̀ ń mú bọ̀, kí ẹ fi di fíríìjì náà ní ìdì méjì, ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù, kó tó tú u tán òùngbẹ á ti lọ. Mítà iná yín tó ń tanná pupa bíi ojú, tí ọkọ rẹ ní ó ń ka gbogbo iná tí ẹ bá lò, ẹ fi aṣọ dúdú bò ó. Kí ló fẹ́ kà nígbà tí kò ríran? Tẹlifíṣọ̀n yín náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìròyìn máa pariwo, bí ohùn rẹ̀ bá ṣe ń lọ sókè ni iná á máa lọ, kó máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́, gbogbo wa la kúkú ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Ní ti owó tí ẹ ń kó lọ sí báńkì pé ó ń bímọ, owó tuntun ni kí ẹ máa kó lọ o. Èyí tó ti gbó tó ti ya, ta ló fẹ́ bímọ lọ́jọ́ orí yẹn? Ó dá mi lójú pé ìyá ọkọ rẹ ò tíì mọ èyí. Má sọ fún un.

Télọ̀ tún fi àwòrán hàn mí. Ìyá ọkọ rẹ ló dúró nínú ilé ìdáná rẹ, ó gbé ìkòkò dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìkòkò tí mo rà fún ọ nígbà tí o ń lọ sílé ọkọ ni, mo rí ibi tí etí rẹ̀ ti tẹ̀. Mo gba fóònù náà, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo tún wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá màá rí ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò rí ọ. Télọ̀ ní kí n má fọ́ fóònù òun.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ohun tí o sọ fún mi nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, pé kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà wá tí o bá bímọ, pé ìyá ọkọ rẹ ti wà nílé, òun á wẹ ọmọ, kí a fi owó ọkọ̀ mi pamọ́. Ọmọ mi, nínú gbogbo ohun tó wà nílé yín, ṣé èmi lẹ wá rí fi ṣọ́wó ná? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni kí n wá jókòó síhìn-ín kí àgbà ẹlòmíì máa gbé orí ọmọ ọmọ mi? Mo ní kò burú, mo sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé mo sunkún, mo purọ́ fún bàbá rẹ pé èéfín ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé tó bá jẹ́ ìṣọ́wóná ni ẹ fẹ́, màá fi ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Mo ní mi ò ní tẹ fóònù mọ́ láéláé, kí n má baà jẹ owó rẹ. Tó bá ti dún, mo mọ̀ pé ìwọ ni, màá gbé e síwájú mi, màá dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, màá ní ara wa le, màá gbàdúrà fún oyún rẹ, màá bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀ rẹ, títí á fi dákẹ́. Mo rò pé o ń gbọ́. Inú mi ń dùn pé à ń sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àfi bí mo ṣe gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹni tó máa ń bá wa ṣájì rẹ̀. Kò tíì fi í sí iná tó fi dún lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá na ọrùn, mo ní ara wa le o, ọmọ mi, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí kílípà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó gé orí rẹ̀ dé ìdajì náà dìde láti wò mí. Ó ní ẹni tí wọ́n pè kì í sanwó. Ó ní tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́ mi, pé ìpè yín tí mi ò gbé kún inú fóònù náà fọ́fọ́. Yéè! Gbogbo àdúrà yẹn! Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbé e lé mi létí.

Ìyá ọkọ rẹ ni. Ó ní fóònù ọmọ òun lòun fi ń pè mí láti ìgbà yìí wá, pé ìwọ náà pè pè pè ó rẹ̀ ọ́. Ó ní o ò sùn dáadáa mọ́, o ń sunkún, o rò pé mo ń bínú sí ọ nítorí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ó ní òun ti bá ọ wí, òun sọ fún ọ pé ohun tí wọ́n ń ṣọ́wó ná lé lórí wà, ṣùgbọ́n ìyá ẹni kò sí lára rẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, pé ọwọ́ mi ni ìyàwó ọmọ òun fẹ́. Ó tún ní ṣé mo ń gbọ́ bí òun ṣe ń kí mi ní ìparí ọ̀rọ̀ òun láràárọ̀, tí òun máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá ìyàwó ọmọ òun ló ni gbogbo ọgbọ́n yìí. Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù sílẹ̀ fún onígbàjámọ̀, mo sáré lọ bá télọ̀, mo ní ìkíni dà? Ó ní ìkíni máa ń gùn jù, òun kì í jẹ́ kó parí, kí bátìrì òun má baà tán, pé Ìyá Ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn lọ́gbọ́n yẹn. Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí n sọ òótọ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ sọ nípa ìyá ẹni yẹn, ó wọ̀ mí lára, ó sì tún bí mi nínú. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́? Bí mo bá dé, màá dọ̀bálẹ̀ gbọrọ bí ọkùnrin kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni n ó wẹ ọmọ. Òun lè máa da omi. Sọ fún èyí tó wà nínú rẹ pé kó ṣe sùúrù dè mí, kó má yọjú kí n tó dé, nítorí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kọ́kọ́ kàn án. Olúwa á jẹ́ kí a bá ọ láyọ̀, kí a bá ọ ní ìdìde, ẹ̀yìn rẹ á dára bí iwájú, o ò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Owó ọkọ̀ ni kí o fi rán awakọ̀ yìí sí mi kíákíá. Ti àlọ nìkan ni o. Má fi owó ti àbọ̀ kún un rárá, ibẹ̀ yẹn ni èmi náà ti fẹ́ bá yín ṣọ́wó ná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, èyí tó bí ọ.