Àwọn Tó Ń Gbé Nínú Imú Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwa níhìn-ín ń mí, a sì ń jẹun, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ìlú ńlá yẹn.

Má fòyà nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, ó ti parí. Ọmọ rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí mi fún ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ikun ń dà nímú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ni mo bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fún un ní kápúsù tó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀ títí, ó ní òtútù lásán ni. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú ò lè rí ń gbé nínú imú, ọ̀fun àti ìfun ọmọ, pé àwọn rere inú wọn ló gba àyè mọ́ àwọn tó ń fa àìsàn lọ́wọ́, àti pé kápúsù ò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú, gbogbo wọn ló ń pa. Ó ní àwọn ti inú ìfun pàápàá máa ń ran àyà lọ́wọ́ láti òkèèrè. Mo bi í bóyá fóònù ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà mi ò pariwo nítòsí imú ọmọ mọ́. Mo sì ní kó máa fun ikun rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má lọ lé ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tó yá, mímí rẹ̀ yára, ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ti ń mí. Mo ju ayùn sílẹ̀, mo fi aṣọ iṣẹ́ mi pọ̀n ọ́n, mo sáré padà sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹn fúnra rẹ̀ ló wá fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Mo ní àwọn ẹni rere ńkọ́. Ó ní àìsàn ti wọ àyà, oògùn ti di dandan, wọ́n á tún padà wá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dá wa dúró síbẹ̀. Ọmọ di àtàǹpàkò mi mú, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe ní kékeré, tí o bá sùn lórí lẹ́búlẹ́bú pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí àwọn òròmọdìẹ ń rìn lórí ikùn rẹ. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí tó fi ní ebi ń pa òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, mo béèrè ibi tí àwọn ẹni rere náà ti ń wá. Nọ́ọ̀sì ní ara ìyá ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń kó púpọ̀ nínú wọn, nígbà ìbí àti lẹ́nu ọmú. Mo jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì wọn. Ìwọ lo kó wọn fún un, ara ìyá rẹ ni ìwọ náà sì ti kó tìrẹ. Láti ìgbà tí a ti sin ín, mo rò pé aṣọ rẹ̀ tó wà nínú àpótí nìkan ló kù. Àṣé àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láàárọ̀, kó tó jí, mo máa ń rọra kí wọn.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó mú un wá, torí mi ò fẹ́ fi wọ́n lé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí Ẹlẹ́dàá ṣọ́ ẹ, kó ṣọ́ ọmọ, kó sì bá mi ṣọ́ àwọn tí ojú ò rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.