Fọ́ọ̀mù Míṣọ́nnárì Tí Mo Kọ Irọ́ Sí

Ilé wa, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Ayépé-Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Simeon ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rose ìyàwó rẹ, mo kí Mofẹ́olúwa àti Ayọ̀tọ̀míwá, àwọn ọmọ ọmọ mi. Ṣé ara yín le ní Ìbàdàn? Ṣé òjò kò jò sínú yàrá tí wọ́n fún yín nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì yẹn? Ọlọ́run tó pè yín kò ní fi yín sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ohun tí ẹ bá ń wá lọ́hùn-ún ẹ ó rí i, ohun burúkú tó bá ń wá yín kò ní rí yín, lórúkọ Jésù. Kí o ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù, nítorí ọ̀rọ̀ tó kù kò dùn.

Síkírù awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá rẹ máa ń jókòó sí, etí rẹ̀ ṣì mú.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Òrùlé ilé ìdáná jò, a ti tún un ṣe. Àwọn ará ìjọ ń kí yín, gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé Táílàǹdì ni wọ́n ń rán yín lọ, èmi ni mo sọ fún wọn. Mo ní ilẹ̀ àwọn télọ̀ ni, pé ìdí tí Ọlọ́run fi fún ọ ní Rose nìyẹn, torí iṣẹ́ aṣọ rírán ló kọ́, kò ní jìyà níbẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn sí i títí Alhaji Gbàdàmọ́sí, aládùúgbò wa tó ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, fi sọ fún mi pé orúkọ ilẹ̀ náà lásán ni, kò kan abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó ní ibẹ̀ jìnnà débi pé ènìyàn á sùn, á jí, ọkọ̀ òfuurufú kò tíì ní balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti wúwo.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí àwọn òbí rẹ kọ nǹkan sí dé ọwọ́ mi. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, òun ni tíṣà, òun ló ń ka gẹ̀ẹ́sì fún mi. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà fún un. Ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ká ewé kan nínú rẹ̀ bíi ti àwọn ẹlẹ́pà, ó sì da ẹ̀pà sínú rẹ̀. Bí o bá rí ibi tó ti rún, má bínú. Alhaji ni èmi àti ìyá rẹ gbé e lọ bá, òun ló kà á fún mi tó sì bá mi kọ ọ́.

Ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè pé bí ikú bá dé bá ọ lọ́hùn-ún, níbo ni kí wọ́n sin ọ́ sí. Inú bí mi. Mo ní ṣé àwọn tó ń rán yín lọ ti ríran ni, tí wọn ò sọ fún wa? Alhaji ní wọn ò rí ìran kankan, gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé Ayépé, ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ni mo rántí pé ibẹ̀ ni mo ti wọ̀n fún ara mi. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo lè sún díẹ̀.

Ibi tó le jù ni ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ àwọn tó gbójú lé ọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé Ọlọ́run nìkan la gbójú lé nílé yìí. Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kì í ṣe ìyẹn, ó ní wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ kò yá, tó fi yẹ kí o wà nítòsí. Ó wo ìyá rẹ, èmi náà wò ó. Ó ń to ẹ̀pà sínú ife tíì. Mo ní kí Alhaji kọ ọ́ pé kò sí.

Simeon, irọ́ ni.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí ìyá rẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Mo rò pé ogbó lásán ni, títí di oṣù keje tí wọ́n ní kí àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì wá fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Mo mú un lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ pé ó wà láàyè dáadáa, ìkọ́kọrẹ́ ló jẹ láàárọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Wọ́n gbé fóònù síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó ṣẹ́jú, kó yíjú sọ́tùn-ún, kó yíjú sósì, pé fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu. Ìyá rẹ wo inú fóònù náà, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ mà. Ó rò pé ìyá òun ni. Fóònù wọn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, mo rò pé àwòrán àwọn àgbàlagbà ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pé wọ́n ṣèèṣì mú ti ìyá ìyá rẹ jáde. Nígbà tí èmi náà tẹjú mọ́ ọn, ojú tirẹ̀ ni. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni fóònù ti gbà pé ó wà láàyè.

O sì máa ń ṣàròyé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ayépé kò dára, pé bí àwòrán bá ṣe ń mọ́ báyìí ni fóònù máa ń gé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ń pa á. Bí o bá ti kí i, ó máa ń yíjú sí mi pé ta ni ọkùnrin yìí, kí ló dé tó ń pe òun ní màmá. Mo máa ń tètè tẹ ibi pupa kí o tó gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún Rose pé ìyá rẹ ń sùn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí.

Àlùfáà ìjọ wa ló yẹ kó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Ó mọ bí ìyá rẹ ṣe wà. Ó kà á tán, ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò lè fi irọ́ rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ Olúwa." Mo bínú. Mo sọ fún un pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mi ò sì tọrọ nǹkan kan rí. Ó ní òun mọ̀. Ọjọ́ Àìkú méjì gbáko ni mi ò fi lọ lu agogo.

Lẹ́yìn ìkejì ni ìyá rẹ sọnù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ìgbà tí mo padà wọlé, géètì ti ṣí. Alhaji gbé mọ́tò rẹ̀ jáde. Àwọn kan ní àwọn rí obìnrin arúgbó kan nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, a sáré débẹ̀, kì í ṣe òun. Òjò dé bá wa lójú ọ̀nà. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé bí a bá bá òkú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan ni, Fatihah lorúkọ rẹ̀, ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ijagun. Mo ti fi tàdáwà kọ nọ́ńbà mi sí etí ìró ìyá rẹ, ibẹ̀ ló ti rí i. A bá ìyá rẹ ní ẹnu géètì iléèwé náà, kò wọ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ rẹ̀ rin. Fatihah ní màmá kò gbà kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀. Ó ní iléèwé ti jáde, ọmọ òun kò tíì jáde. Wọ́n bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà, ó ní Simeon, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wọ bàtà funfun. Fatihah ní òun wọlé lọ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń wá ọ, kí ọkàn màmá lè balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi fìlà mi nu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Alhaji ló bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Egbò ẹsẹ̀ yẹn kò jiná. Dókítà ní ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì.

Mo padà lọ lu agogo. Alhaji fagi lé ọ̀rọ̀ "kò sí" tó kọ́kọ́ kọ, ó wá kọ ọ́ pé Rachel, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àlùfáà fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Alhaji ní wọ́n lè ní kí ẹ dúró, wọ́n sì lè ní kí ẹ máa lọ. Bí o bá bi mí, mi ò fẹ́ kí o lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá la fi wá ọmọ kí a tó bí ọ, èmi àti ìyá rẹ sì jọ ṣèlérí pé bí Ọlọ́run bá ti fẹ́ lò ọ́, a ò ní dí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ kò rántí ìlérí náà mọ́. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò ṣe é.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́n, páḿpásì àwọn àgbàlagbà tí mo ń lò fún un ti tán láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ ra àgádágodo tuntun sí géètì. Má san án sí báńkì o, wọn á tún ní kó wá ṣẹ́jú. Fi rán Síkírù.

Olúwa tó ń rí wa ní Ayépé yóò máa rí yín níbikíbi tí ẹ bá sùn. Ọmọ yín kò ní ṣìnà, ọwọ́ yín kò ní gbẹ, ẹ ò ní sunkún ara yín nílẹ̀ àjèjì.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá. Má fi fóònù pè, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi wá. Má bi í bóyá ó mọ̀ ọ́, ìyẹn máa ń mú un sunkún. Sọ fún un pé àlejò ni ọ́, ó fẹ́ràn àlejò. Yóò fún ọ ní ìjókòó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ pé òun bí ọmọkùnrin kan, ọ̀kan ṣoṣo, àti bí orí rẹ̀ ṣe pé tó. Kí o má dá a lẹ́nu. Jókòó tì í títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.