Páálí Búlúù Tí A Kò Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi, síbẹ̀ àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kí orí fífọ́ tó ń dà yín láàmú ti rọlẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa jẹun dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le. Ara nìkan ni mo wí o.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò Màmá pè yín sọ lẹ́yìn ìsìnkú kì í ṣe òótọ́. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ́ọ́kú ni mo rà fún Màmá, pé òun ló pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Màmá kò fẹnu kan oògùn pọ́ọ́kú kankan. Ì bá dára ká ní wọ́n fẹnu kàn án.

Ẹ mọ oògùn onípáálí búlúù tí Màmá ń lò, èyí tí ẹ̀yin náà ń lò. Lóṣù tó kọjá, ó tán lọ́jà. Obìnrin apoògùn tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa gbé onípáálí funfun jáde, ó ní oògùn kan náà ni, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló kàn ṣe é, ìyẹn ni owó rẹ̀ fi kéré, dókítà Màmá sì ti fọwọ́ sí i. Mo ní n kò fẹ́. Ó rọ̀ mí títí. Nígbà tó sú u, ó kì í bọ̀ mí lápò lọ́fẹ̀ẹ́, kí Màmá má bàa wà láìlo nǹkan. Mo jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òun ni àbúrò Màmá rí tó fi pariwo. Ká ní ó yẹ̀ ẹ́ wò ni, ì bá rí i pé a ò tíì ṣí i.

Nígbà tí ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí? Ìwọ tó ń de bíréèkì ilé-iṣẹ́ míì mọ́ mọ́tò oníbàárà lójoojúmọ́, tí ò ń búra fún wọn pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe?" Mo ní, "Ọ̀gá, màmá mi kì í ṣe mọ́tò." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo fún un lésì tó múná. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ẹ mọ̀ mí.

Ẹ̀yin náà ti sọ fún mi lórí fóònù pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ oògùn Màmá. N kò sọ ọ́ láti gbé ẹ̀bi lé yín lórí. Ẹ ò ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ láìlo nǹkan kan fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un.

Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ilé oògùn kan dé òmíràn ni mo ń wá oníbúlúù kiri. Lọ́jọ́ keje, Màmá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n ní, "Olóríkunkun, bá mi gbé ti orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wá, jẹ́ n gbé e mì. Ọrùn ń dùn mí." Mo ní, "Màmá, ojúlówó lẹ máa lò. Ẹ ṣe sùúrù." Wọ́n ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ kọkànlá mo rí i, ní ilé oògùn kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Mo sáré wọlé, mo ń pariwo, "Màmá, mo ti rí i o!" Wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fọwọ́ kan páálí tó wà lápò ẹ̀wù mi, wọ́n fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O kúkú rí i." Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Mo gbìyànjú láti ka àwọn tí kò fi mí sílẹ̀. Ọ̀gá mi wá jókòó tì mí, kò sì rán mi létí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Apoògùn náà wá, ó sunkún, kò sọ pé "ṣebí mo sọ fún ẹ." Ẹnì kẹta tó yẹ kí n kà ni Màmá, pẹ̀lú ìdajì ẹ̀rín yẹn. N kò kà mọ́.

Lánàá, mo gbé páálí méjèèjì sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé-ìwé abúlé ni mo lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Lábẹ́ orúkọ gàdàgbà tó wà lára oníbúlúù, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ oògùn gan-an. Orúkọ kan náà ló wà lára onífunfun, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì yàtọ̀. N kò wò ó rí.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ó bá bínú sí mi, ẹ bínú nítorí ohun tí mo ṣe gan-an. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ẹ̀jẹ̀ yín máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ dàgbà ju ibi tí Màmá dàgbà dé lọ.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
Olóríkunkun Màmá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Mo fi páálí búlúù náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ohun kan náà ni dókítà kọ fún yín, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá tán, tí ẹ ò rí irú rẹ̀ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é.