Màmá Mi Fẹ́ Sọ Olólùfẹ́ Mi Di Ẹ̀gbọ́n Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé ìdáná wa ní Anibare, ní erékùṣù Nauru, la bá ń kọ́lé tuntun sórí òkè. Tarek wà lára àwọn àjèjì tó fowó gba ìwé ọmọ ìlú Nauru, kí ìjọba lè rówó kó wa kúrò létí omi. Ó wá wo ìlú rẹ̀ tuntun, ló bá ń bá wa po sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ la ti fẹ́ràn ara wa, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, màmá mi bu ẹja olómi àgbọn fún un, wọ́n ní, "Tarek, o níwèé, àmọ́ o ò nídìílé. Ní Sátidé, màá gbà ọ́ sí ìdílé mi. Ọmọ mi ni ẹ́."

Tarek dì mọ́ wọn, ó ń sunkún ayọ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ ìdílé kan náà kì í fẹ́ra wọn níbí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé mo ti wá di bọ̀ọ̀dá ẹ nìyẹn?"

Inú mi ń dùn pé màmá fẹ́ràn rẹ̀, àyà mi sì ń já, torí màmá ti pe gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún màmá pé àna ni kí wọ́n fi Tarek ṣe, kì í ṣe ọmọ?